Àtẹ́wọ́ Tí Kò Lóhùn

Láti oṣù kẹrin tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu Wakae, ìdí rẹ̀ kò gbé ibì kan mọ́. Á jókòó, á dìde. Á gbé omi tíì kaná, kó tó hó ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo òkun bíi pé òkun jí nǹkan rẹ̀ gbé. Ẹsẹ̀ ti san. Ọwọ́ ọ̀tún náà ti san dé ìwọ̀n tó lè di igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun mú. Ẹnu nìkan ló kù, ẹnu yìí gan-an sì ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi jẹ́ ohùn ìlú Ogase. Òpó mẹ́rìndínlógún ló yí etí omi ìlú náà ká, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, Wakae ló sì ń sọ̀rọ̀ nínú gbogbo wọn láti yàrá kékeré kan lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì ìlú. Bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá lù, á ní kí àwọn ọmọdé máa lọ sílé. Bí ìjì bá ń bọ̀, òun ni. Bí bàbá arúgbó kan bá jáde tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, òun ni. Bí ilẹ̀ bá mì, tí ìgbì ńlá sì lè tẹ̀lé e, ohùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé etí ẹni tó wà lórí omi. Àwọn ọmọ tí kò mọ ojú rẹ̀ rárá, bó bá kí oníṣọ́ọ̀bù ẹja ní "ẹ káàárọ̀," wọ́n á yíjú padà wò ó.

Nígbà tó wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ọ́fíìsì gbé ẹ̀rọ kan wá láti ìlú ńlá. Ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀ sínú ẹ̀rọ yìí, á fi ohùn ọmọge kà á. Mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn, ohùn náà dùn. Ó dùn bí ohùn ẹni tó ń polówó ìpara ojú. Nukui-san (san ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún ènìyàn lọ́dọ̀ wọn) tó jẹ́ ọ̀gá ètò ààbò ìlú wá bá Wakae nílé lóṣù keje, ó gbé èso píìsì dání, ó tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹní.

"Wakae-san, ẹ mà ti ṣe fún wa o. Ẹ wá sinmi wàyí."

Wakae dá a lóhùn. Gbólóhùn mẹ́ta ló sọ, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ̀wà tó dà sílẹ̀. Nukui-san rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wo ojú Tokuji, ọkọ Wakae.

"Ó ní kò rẹ òun," Tokuji wí. "Ó ní kẹ́ ẹ dán òun àti ẹ̀rọ yín wò. Ó ní píìsì yín ò tíì pọ́n."

Nukui-san kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹni tí kò fẹ́ ẹ̀fọ́rí ni. Ó ronú díẹ̀, ó sì gbà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ń bọ̀, ọjọ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè wọn máa ń ṣe ìdánrawò ewu. Ní Ogase, bí wọ́n bá ti kéde ìdánrawò, ẹni tó bá gbọ́, tó sì yé e, á ta àsíá yẹ́lò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tàbí sórí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ kò gbọdọ̀ ta á, nítorí àsíá yẹn ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ohùn kò dé.

"Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ kà," Nukui-san wí. "Ẹ̀yin á kà tẹ̀lé e. Bí àsíá tiyín bá pọ̀ jù, àga yín ń dúró dè yín. Bí ti ẹ̀rọ bá pọ̀ jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi òdòdó àti ọpẹ́ sìn yín sílé."

Ìgbà tí àlejò lọ tán, Tokuji kó ife tíì sọ́wọ́ kan. Wọ́n ti ń pe ara wọn ní Bàbá àti Ìyá láti ìgbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo ti wà ní jòjòló. Ọmọ náà ti dàgbà, ó ti lọ sí Nagoya, orúkọ náà ò bá a lọ.

"Ìyá, jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣe é."

"Ojú ń tì yín ni, Bàbá?"

"Ojú kọ́. O ò gbọ́ ara rẹ ni. Ẹni tó bá wà lórí omi tó gbọ́ ohun tó o sọ fún Nukui yẹn, ibẹ̀ ló máa wà tí omi á fi bá a."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Wakae wọ egungun, nítorí òótọ́ ni. Tokuji ń sin ìṣáwùrú òkun lábẹ́ pèpéle ọparun kan tó léfòó lójú omi, pèpéle tirẹ̀ ló sì jìnnà jù sí èbúté. Bó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó wà lórí omi, ara rẹ̀ ló ń sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni Wakae máa ń wọ bọ́ọ̀sì fún ogójì ìṣẹ́jú lọ bá Olùkọ́ Hiyama nílé ìwòsàn, ẹni tó ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe máa sọ̀rọ̀ padà. Ọmọbìnrin kan báyìí ni, bàtà eré ìdárayá ló máa ń wọ̀, ó kéré sí ọmọ Wakae, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó gbé pátákó gbọọrọ kan síwájú rẹ̀, àpótí mẹ́fà ló wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀.

"Ìka sínú àpótí kan, àtẹ́wọ́ kan lẹ́nu. Ẹ má sọ méjì. Ẹ má fo ìkankan."

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, kí ọmọ tó mọ̀wé ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ́wọ́ gé ọ̀rọ̀. Etí wọn kì í gbé ọ̀rọ̀ mì lódindi, gígé ló máa ń gé e, wẹ́wẹ́, kí ọ̀kan má gùn ju èkejì lọ. Wọ́n ń pe ìwé ní hon, àtẹ́wọ́ méjì sì ni: ho gba tirẹ̀, n náà gba tirẹ̀. Ìyẹn ò lè ya Yorùbá lẹ́nu, ṣebí n máa ń dá dúró lẹ́nu tiwa náà. Èyí tó ya èmi lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn ni pé ìdákẹ́ pàápàá ní àtẹ́wọ́ tirẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ń jẹ́ kippu. Ki, ẹnu á pa dé, pu. Mẹ́ta nìyẹn. Ọmọ ọdún márùn-ún á pàtẹ́wọ́ sórí ibi tí kò sí ohùn kankan yẹn, kò ní í ṣiyèméjì. Bó o bá fo ibẹ̀, ìsọkúsọ lò ń sọ.

Ibẹ̀ gan-an ni Wakae ń fò.

"Wakae-san, kò sí ohùn tẹ́ ẹ sọ nù," Olùkọ́ Hiyama wí fún un. "Ìdákẹ́ lẹ̀ ń sọ nù. Bẹ́ ẹ bá ti dé àpótí òfìfo, ẹ̀ ń fò ó, gbogbo èyí tó kù á wá máa gun ara wọn lórí."

"Olùkọ́, èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sọ̀rọ̀ fún odindi ìlú, ìdákẹ́ lẹ fẹ́ kọ́ mi?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́ kó tó yé Hiyama.

"Òun ni," Hiyama wí. "Ẹ tún kippu sọ."

Inú bí Wakae títí bọ́ọ̀sì fi dé Ogase. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sọ fún olùkọ́, tí kò sọ fún ọkọ rẹ̀, ni pé ẹ̀rù ń bà á. Nígbà tí àrùn yẹn dé, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọ̀rọ̀ kò fi jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ń wá a, kò rí i. Láti ìgbà náà, bí ẹnu rẹ̀ bá ti ṣí, ó ń sáré kí ó lè sọ gbogbo rẹ̀ tán kí ilẹ̀kùn tó tún tì. Bí wọ́n bá ní kó dákẹ́ fún àtẹ́wọ́ kan péré, lójú tirẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni wọ́n ní kó padà sí. Ta ló máa fẹ́?

Nítorí náà ó ń fi ìka lu gbogbo nǹkan. Ó ń lu etí àga, ó ń lu ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì, ó ń lu tábìlì nígbà tí Tokuji ń jẹ ẹja yíyan àti ìrẹsì. Ko-ko-ko-ko. Kò sí òfìfo kankan níbẹ̀.

"Ọbẹ̀ mi ń dà," Tokuji wí.

"Ẹ gbé e mu."

Lọ́jọ́ kejì, kí Tokuji tó lọ sójú omi, ó ju pákó kan sórí tábìlì. Pákó ara pèpéle rẹ̀ àtijọ́ ni, iyọ̀ òkun ti sọ ọ́ di funfun, ó sì ti fi irin gbẹ́ kòtò mẹ́fà sí i lójú, ìka ènìyàn wọ̀ ọ́n rẹ́gí. Wakae wò ó títí.

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n fi èyí ṣe? Ṣebí ẹ ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀."

"Kí o má baà lu tábìlì fọ́." Ó ń wọ bàtà rọ́bà rẹ̀. "Nígbà tá a bá ń fa okùn ìṣáwùrú sókè, tá a ń kọ orin rẹ̀, ìgbà wo lọwọ́ ń di okùn tuntun mú?"

"Ìgbà tẹ́ ẹ bá dákẹ́."

"Hẹn-ẹn."

"Ẹ ò kúkú sọ ọ́ tààrà, Bàbá."

"Mo ti sọ ọ́."

Ó kù díẹ̀ kó jáde nígbà tí Wakae di apá aṣọ rẹ̀ mú.

"Lọ́jọ́ ìdánrawò yẹn, ẹ máa ta àsíá fún mi?"

"Bí mo bá gbọ́."

"Bẹ́ ẹ ò bá gbọ́ ńkọ́?"

"Mi ò ní í ta á."

"Ọkọ wo nìyí."

"Ọkọ tí kò fẹ́ kí omi gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ nítorí irọ́ tóun pa." Ó yọ ọwọ́ aya rẹ̀ kúrò lára aṣọ náà jẹ́jẹ́, ó lọ.

Oṣù kẹjọ kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iná ń bẹ lórí òrùlé rẹ̀ kì í sùn, Wakae kò sì rí oorun sùn. Ó ń gbé pákó náà kiri bí abiyamọ ṣe ń gbé ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ tó bá dára, ó lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá kó má fo òfìfo ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Lọ́jọ́ tí kò bá dára, á ju pákó náà sí ìdí ògiri, á tún lọ he é. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló burú jù. Ohùn ọmọge inú ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀, á ní kí àwọn ọmọ máa relé, Wakae á sì ti ilẹ̀kùn, á ti fèrèsé, bẹ́ẹ̀ ooru ń mú bí ààrò.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án pé. Afẹ́fẹ́ ń ti ojú òkun wá lọ́jọ́ náà, ó le díẹ̀. Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, Wakae ti wà nínú yàrá kékeré lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ó fi aṣọ di pákó rẹ̀ mọ́ra. Nukui-san dúró lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Láti ibẹ̀, gbogbo ìlú ló hàn: ilé igba lé méjìlá tó rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ òkè, àti pèpéle mẹ́sàn-án lójú omi. Pèpéle Tokuji kò ju ìlà kékeré kan lọ lókèèrè.

Ẹ̀rọ kọ́kọ́ kà. Ìdánrawò ni, ìgbì ńlá ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kúrò níbi tó rẹlẹ̀, ẹ lọ síbi tó ga. Ó kà á geere, ó dùn létí, kò kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n òpó mẹ́rìndínlógún ni, òkè sì wà lẹ́yìn ìlú náà. Òkè yẹn máa ń gba ohùn, á dá a padà. Kí ó tó dá gbólóhùn kìíní padà tán, ọmọge ti wà lórí ìkẹta, ọ̀rọ̀ wá ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lójú afẹ́fẹ́. Nítorí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ń gbé ìlú tí kò ní òkè, wọ́n rò pé kíkà geere ló dára jù. Ẹ̀rọ náà tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, bó ti kà á lákọ̀ọ́kọ́.

Àsíá yẹ́lò yọ nítòsí ọ́fíìsì, ó pọ̀. Ó dé àárín ìlú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ní òdìkejì omi, kò tó nǹkan. Lójú omi, ẹyọ kan.

"Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún," Nukui-san wí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Kò burú. Afẹ́fẹ́ ló ṣe é."

Wọ́n lu agogo, oníkálukú ká àsíá rẹ̀ wọlé. Wọ́n fún Wakae ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Iná pupa tàn lójú máíkì.

Ó sáré. Kí n tó sọ fún yín pé ó bẹ̀rẹ̀, ó ti parí. Pákó wà lórí itan rẹ̀, ìka rẹ̀ ò tilẹ̀ kàn án. Gbogbo ẹ̀wà náà dà sílẹ̀, ó tàn káàkiri òkè, òkè kó o, ó dà á padà. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ìlú dákẹ́. Ajá kan gbó.

Àsíá mẹ́ta yọ. Wakae mọ àwọn ilé náà. Ìyàwó oníṣọ́ọ̀bù ẹja ni, àti àwọn opó méjì tí wọ́n jọ máa ń ṣa ewéko òkun. Àsíá àánú ni. Ó dùn ún ju kí wọ́n má ta ohunkóhun lọ, ojú sì tì í débi tó fi wu ú kí ilẹ̀ là kí òun wọlé.

Nukui-san fi ọwọ́ bo máíkì. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Wakae-san, ó ti tó. Ẹ ti gbìyànjú."

Wakae mi orí. Ó na ìka méjì sókè. Àwọn olùkéde ìlú wọ̀nyẹn kì í kéde nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá sọ ọ́ tán, wọ́n á ní àwọn tún un sọ, wọ́n á sì tún un sọ, nítorí ẹni tó ń fọ abọ́, nítorí ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ẹ̀rọ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì tirẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, Nukui-san sì mọ̀ pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

Wakae gbé pákó náà sórí tábìlì. Ó ti ìwé tí ọ́fíìsì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo "ẹ jọ̀wọ́" rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn ìyá ìlú náà fi máa ń pe ọmọ kúrò lẹ́bàá omi láti ìgbà láéláé. Agatte. Ẹ gòkè. Àtẹ́wọ́ mẹ́rin ni, ìkẹta kò lóhùn.

Ìka sí kòtò kìíní. "A."

Kòtò kejì. "Ga."

Kòtò kẹta. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù mú un. Ẹnu rẹ̀ pa dé, ọjọ́ mẹ́ta yẹn sì dìde níwájú rẹ̀, funfun, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ fò. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ wà nínú kòtò tí ọkọ rẹ̀ gbẹ́, igi náà sì di ìka náà mú. Ó dúró níbẹ̀. Ó gbọ́ tí òkè gba "ga," tó dá a padà, tó sì parí. Ojú afẹ́fẹ́ mọ́ tónítóní. Ìgbà náà ló bọ́ sí kòtò kẹrin.

"Te."

Ilẹ̀kùn kò tì. Ó tún bẹ̀rẹ̀. A. Ga. Ó dúró, ó mú okùn tuntun. Te. Omijé ń bọ́ sórí pákó, kò nù ún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

"Wọ́n ń yọ," Nukui-san wí. Ó ń kà wọ́n. Àsíá ń yọ lẹ́sẹ̀ òkè, ó ń yọ ní òdìkejì omi, níbi tí ọmọge ẹ̀rọ kò dé rárá. Pèpéle kan ta á, òmíràn ta á, mẹ́ta, márùn-ún, mẹ́jọ.

Ìlà kékeré tó wà lókèèrè kò ta nǹkan kan.

Wakae sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì jẹ́ kí ìdákẹ́ náà gba gbogbo àyè rẹ̀. Ó gbé ojú sókè. Kò nílò awò Nukui-san. Nǹkan yẹ́lò kan dúró lórí ìlà yẹn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́jọ," Nukui-san wí. Ó yọ awò lójú, ó tẹrí ba, lọ́tẹ̀ yìí kò gbé èso kankan dání. "Wakae-san, àga yín nìyí. Kí ẹ̀rọ máa pe àwọn ọmọ wálé nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ ewu, tiyín ni."

Ọ̀sán ni Tokuji dé, òórùn òkun ń jáde lára rẹ̀. Wakae ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kó bọ́ bàtà.

"Ẹ gbọ́ mi?"

Pákó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ ní díẹ̀díẹ̀, ìka nínú kòtò. Tokuji ní sùúrù títí ó fi sọ ọ́ tán.

"Mi ò gbọ́ ọ."

"Bàbá. Ẹ sì ta àsíá?"

"Afẹ́fẹ́ gbé ohùn rẹ lọ. Mi ò mọ ohun tó o ń sọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìkan, mo gbọ́ ìkan, ihò, ìkan. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá mi lójú. Kò sí ohun tí ẹnì kan lè máa kígbe láti orí ilẹ̀ tó ní ihò níbẹ̀, àfi kí wọ́n ní kí n gòkè."

Wakae wo ojú rẹ̀. Inú rẹ̀ fẹ́ dùn, kò tíì gbà fún un.

"Kì í ṣe nítorí pé aya yín ni mí?"

"Bó bá jẹ́ nítorí aya mi ni," Tokuji wí, ó ti jókòó, ó ń fa bàtà rọ́bà náà bọ́, "ìgbà àkọ́kọ́ tó ò ń da ẹ̀wà sílẹ̀ ni ǹ bá ti ta á. Àsíá náà wà lọ́wọ́ mi. Ó ń wù mí. Mi ò ta á."

Wakae jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà. Nínú ilé, omi tíì bẹ̀rẹ̀ sí í hó lórí iná. Wakae kò dìde, ó jẹ́ kó máa hó.